Àtẹ ẹlẹ́ja ni ẹlikọ́pútà mi balẹ̀ sí ní Ìpakodò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ o, kí ará àdúgbò wa kan tó gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, tí á ti fi ata àti iyọ̀ sí i. Ọkùnrin tí ẹ rí lọ́sàn-án Sátidé nítòsí èbúté Ìpakodò, n'Ìkòròdú, tó ń sáré tẹ̀lé nǹkan kan tó ń fò, tó ń pariwo pé, "Ẹ bá mi mú un! Ẹ bá mi mú un!", èmi náà ni. Wọn ò jà mí lólè, orí mi ò sì dàrú. Ẹlikọ́pútà ni mo ń wà.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹlikọ́pútà. Kékeré ni, kò gùn ju apá èèyàn lọ, rìmóòtù la fi ń darí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Peckham, ní London lọ́hùn-ún, ló fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ gàdàgbà pé ọmọ mi ọkùnrin ló ni ín, torí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́jọ, ó sì ṣe dáadáa nílé-ìwé. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bàbá Yorùbá. Bí wọ́n bá gbé nǹkan tuntun wọlé fọ́mọ, bàbá á ní kí wọ́n gbé e wá ná, kóun kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí bàbá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò yẹn ni nǹkan náà ti máa ń bàjẹ́.

Ọmọ náà bi mí, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n wà?" Mo ní, "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Èmi tí mo ti ń wa mọ́tò láti ọdún wo?" Ìyá ẹ̀ dá sí i, ó ní, "Dádì, ìwé kan wà nínú páálí yẹn o, ẹ ò ṣe kà á ná?" Họ́wù! Èmi tí mo ka ìwé ìròyìn ní Poli, tó jẹ́ pé ìwé kíkọ ni mo fi ń jẹun, ìwé ohun ìṣeré ni wọ́n fẹ́ kí n jókòó kà. Mo gbé ẹlikọ́pútà há abíyá, ọmọ ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn, ó di ìta gbangba.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pá ìdarí méjì ló wà lára rìmóòtù yẹn. Mo ti ọ̀pá ọwọ́ òsì sókè fìà, bí ìgbà téèyàn tẹ iná mọ́tò. Ẹlikọ́pútà náà fò sókè lóòótọ́, àwọn ọmọ àdúgbò pàtẹ́wọ́, orí mi wú. Kí n tó ka ení dé èjì, ó ti kọ̀dí sí mi, ó ń yí bí òkòtó, ó sì ń sún lọ sọ́nà ibi táwọn ìyá ẹlẹ́ja pàtẹ sí. Mo tì í sọ́tùn-ún, òsì ló lọ. Mo fà á sẹ́yìn, iwájú ló gbà. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ máa parí, orí àtẹ ẹja yíyan ìyá kan ló balẹ̀ sí, abẹ̀bẹ̀ orí ẹ̀ sì ń gbá ẹja sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń fún mọ̀lẹ́bí lẹ́ja jẹ lọ́jọ́ ìnáwó.

Ìyá yẹn wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìròyìn, ṣé orí ẹja mi lẹ wá kọ tòní sí?" Mo bẹ̀bẹ̀, mo sanwó ẹja tó bàjẹ́, wọ́n wé e fún mi nínú lailọ́ọ̀nù. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jẹ ọbẹ̀ ẹja náà nílé wa. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò fẹnu kàn án. Kò sunkún, kò bínú, ó kàn ń jẹ gààrí ẹ̀ ni, ó sì ń wo ẹlikọ́pútà tó dùbúlẹ̀ sórí tẹlifíṣàn. Ẹ wò ó, ká ní ó sunkún ni, ì bá rọrùn fún mi.

Ibi tó ti yẹ kí n kọ́gbọ́n nìyẹn, mi ò kọ́ ọ. Lóru ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, mo fi gúlúù lẹ abẹ̀bẹ̀ tó sán, mo tún un ṣe lójú ara mi. Láàárọ̀, mo pe ọmọ náà sẹ́yìnkùlé, mo ní kó wá wo bí bàbá ẹ̀ ṣe tún nǹkan ṣe. Ẹlikọ́pútà gbéra dáadáa. Bó ṣe dé bí orí ìbàdí, ó kàn ṣíjú lójijì, ó dojú kọ ibi tọ́mọ náà dúró sí. Ọ̀kan nínú abẹ̀bẹ̀ tí mo fi gúlúù lẹ̀ já, ó fò, ó ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ọ̀tún. Ọgbẹ́ náà ò jìn, nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò fọ̀ ọ́, ó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Àmọ́ ìka kan péré ló kù kó wọ ẹyinjú. Ìka kan. Ìyàwó mi ò pariwo lé mi lórí rárá. Ó kàn mú rìmóòtù, ó lọ tì í mọ́ inú àpótí aṣọ ẹ̀, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ sí ìsọ̀.

Mo jókòó lẹ́yìnkùlé níbẹ̀, mo ń wo ohun tó fà á. Ọ̀pá tín-ínrín kan wà lábẹ́ abẹ̀bẹ̀ orí ẹlikọ́pútà, kò tóbi ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Òun ló ń gbé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ lọ bá abẹ̀bẹ̀, pé kó tẹ̀ síhìn-ín, kó tẹ̀ sọ́hùn-ún. Ìgbà tó já lu àtẹ ẹja ni ẹnu ọ̀pá yẹn ti yọ díẹ̀ níbi tó so mọ́. Gúlúù ni mo gbájú mọ́, mi ò wo ọ̀pá. Bó ṣe dókè, ọ̀pá yọ tán, àṣẹ ò dé ọ̀dọ̀ abẹ̀bẹ̀ mọ́, ẹlikọ́pútà di aláìgbọ́ràn.

Ọkàn mi wá lọ sí ọdún 2015. Poli ni mo ṣì wà nígbà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó ò ní í gbàgbé. Lọ́jọ́ Wẹsidé, ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 2015, ẹlikọ́pútà ilé-iṣẹ́ Bristow kan ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun, pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ló ń lọ. Èèyàn 12 ló wà nínú ẹ̀. Kò dé Ìkẹjà. Inú ọ̀sà wa yìí ló já sí, lágbègbè Ọ̀wọ́rọ̀nṣòkí, èèyàn mẹ́fà sì bá a lọ. Nígbà táwọn tó ń wádìí tú u wò, ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀pá ìdarí kan ti já kúrò níbi tó so mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n lọ yẹ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wò lára àwọn ẹlikọ́pútà irú ẹ̀. Ọ̀pá kan o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò lọ sí Falomo, mo máa ń wo omi yẹn, mo sì máa ń rántí wọn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yẹn lè wọ ẹ̀yìnkùlé mi, kó sì fẹ́ gba ojú ọmọ mi lọ.

Mo lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lójú ọ̀nà tó lọ sí èbúté. Kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, àmọ́ mo ti rí i tó ń fi irú nǹkan yìí ṣeré rí. Ẹ ò mọ bó ṣe nira tó fún mi láti la ẹnu sọ gbólóhùn kan ṣoṣo yìí pé: "Àbúrò, mi ò mọ̀ ọ́n. Kọ́ mi." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa la ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e wá." Mo pa dà lọ bẹ ìyàwó mi fún kọ́kọ́rọ́. Ó ní òun máa fún mi, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ́ àwa méjèèjì pọ̀. Mo gbà.

Ohun tọ́mọ náà kọ́kọ́ ṣàlàyé fún wa ni ìdí tí ẹlikọ́pútà fi le ju mọ́tò lọ. Ẹ wo àwọn apẹja lórí ọ̀sà. Bí ọ̀kan bá dìde nínú ọkọ̀ kékeré, tó ju àwọ̀n síwájú tagbára tagbára, ọkọ̀ á sún sẹ́yìn. Bó ṣe rí fún ẹlikọ́pútà nìyẹn. Bí abẹ̀bẹ̀ orí ẹ̀ bá ń yí sápá kan, ara ẹ̀ fẹ́ máa yí sápá kejì. Abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà nídìí ìrù ló ń dì í mú kó má baà di òkòtó. Ohun tó yí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, kì í ṣe àjẹ́ kankan. Ó ní fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ méjì lórí ara wọn, tí ọ̀kan ń yí sọ́tùn-ún, tí èkejì ń yí sósì, ló rọrùn jù, torí àwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́, oníbẹ̀bẹ̀ kan ni. Èyí tá a ní la máa fi kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé mọ́tò téèyàn bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ẹ̀ á dúró. Ẹlikọ́pútà kì í dúró. Ìgbà tó bá dà bíi pé ó dúró jẹ́ẹ́ lójú òfuurufú gan-an ni ọwọ́ awakọ̀ ń ṣiṣẹ́ jù. Díẹ̀ síbí, díẹ̀ sọ́hùn-ún, kó tó ṣìnà lo ti máa dá a pa dà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tá a bá rọra mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í nini lára. Èmi ti fagbára mú un, ara ti ni mí, ó sì ti ni ọmọ mi.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló yà mí lẹ́nu jù. Gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń rò pé tóun bá jẹ́ kó sún mọ́ ilẹ̀, ewu ò sí. Irọ́ ni. Atẹ́gùn tí abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ sílẹ̀ máa ń gbá ilẹ̀, á pa dà wá máa ti ẹlikọ́pútà náà kiri bí ẹni tó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bó bá ti gbéra, kó gòkè dé bí orúnkún sí ìbàdí, ibẹ̀ ni ara ẹ̀ ti máa ń balẹ̀. Àmọ́ kó tó kan gbígbéra rárá, odidi ọjọ́ méjì ló ní ká máa fi rìn nílẹ̀, kó máa yọ̀ lórí koríko, kí ọwọ́ wa mọ ọ̀pá. Ó gé ọ̀pá oparun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, irú èyí tá a fi máa ń ṣe káìtì ní kékeré, ó fi wọ́n ṣe àgbélébùú, ó fi bọ́ọ̀lù pín-pọ́n-ún sẹ́nu wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dè é mọ́ ìsàlẹ̀ ẹlikọ́pútà. Bó bá fẹ́ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bọ́ọ̀lù á gbà á, abẹ̀bẹ̀ ò ní í kan ilẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí ìrù bá kọjú sí yín, ọ̀tún yín ni ọ̀tún ẹ̀. Bí imú ẹ̀ bá yí sí yín báyìí, gbogbo ẹ̀ dojú rú, ọ̀tún yín ti di òsì ẹ̀. Ohun tó dé bá mi níwájú ìyá ẹlẹ́ja nìyẹn. Ẹni tí kò bá tíì lè gbé e dúró pẹ̀lú ìrù fún odidi bátìrì kan, kó má wulẹ̀ yí imú ẹ̀ sí ara ẹ̀. Bí ọkàn yín bá ti dàrú, ẹ gbé ọ̀pá ọwọ́ òsì wálẹ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kó já sórí koríko. Abẹ̀bẹ̀ tó ṣẹ́ ṣeé rà, ojú ò ṣeé rà. Ẹni tó bá sì ní kọ̀ǹpútà, ètò ìdánrawò wà tí wọ́n ṣe fún un, tí èèyàn lè fi já ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láì ná kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ bátìrì náà kọ́, ẹ fetí sí i dáadáa. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní LiPo ni. Fóòtì 3.7 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá kún tán, 4.2 ni, kò sì yẹ kó lọ sílẹ̀ ju 3 lọ. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́fà ló ń lò lójú òfuurufú, ó sì ń gbà ju wákàtí kan lọ kó tó kún. Ẹ má fi sórí ṣájà kẹ́ ẹ lọ sùn, pàápàá báyìí tí iná mànàmáná wa ń wá tó ń lọ. Bátìrì tó bá wú bíi pọ́fù-pọ́fù, ẹ má tún fi sí iná mọ́, iná ńlá ló lè tibẹ̀ yọ.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la máa ń kọ́ ọ. Lákòókò yẹn, ọ̀sà máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, ewé ò ní í mì. Bó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn á ti máa ti ojú omi bọ̀, ẹlikọ́pútà kékeré ò sì lágbára rẹ̀. Inú ọgbà kan tí wọ́n mọ odi yí ká la ti ń ṣe é, a ò lọ sí èbúté mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra èyí tó tóbi, tàbí tó ní kámẹ́rà, ẹ ṣọ́ra o. Láti ọdún 2016 ni àjọ NCAA, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa, ti kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀ nínú sókè láì gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn àti lọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, kó má baà jẹ́ pé àgọ́ ọlọ́pàá lẹ ti máa ṣàlàyé pé ìṣeré ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun kan tó tù mí nínú. Igor Sikorsky, tí wọ́n bí ní Kyiv, tó sì lọ di ará Amẹ́ríkà, ló dá ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹlikọ́pútà tó já sínú ọ̀sà wa lọ́dún 2015 sílẹ̀. Lọ́jọ́ 14, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1939, tó kọ́kọ́ fẹ́ gbé VS-300, ẹlikọ́pútà tó fúnra ẹ̀ ṣe, kúrò nílẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló wà á, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ. Kí lẹ rò pé ó ṣe? Okùn ló fi dè é mọ́lẹ̀! Ó dé oṣù karùn-ún ọdún 1940 kó tó tú u sílẹ̀ kó fò láìsí okùn. Ọkùnrin tó ṣe é lọ́wọ́ ara ẹ̀ gbà pé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lòun, ó dè é mọ́lẹ̀ fún odindi oṣù méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi páálí gbé e wá bá, mo ní mi ò ka ìwé.

Nílẹ̀ wa níbí náà, lọ́dún 2007, ọmọ ọdún 24 kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ fíísíìsì ní yunifásítì Bayero, ní Kánò, Mubarak Muhammad Abdullahi, fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic àti àwọn àlòkù irin ṣe ẹlikọ́pútà tí ayé gbọ́. Ọpọlọ ò wọ́n wa. Sùúrù ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló wọ́n wa. L'Ékòó níbí, ojú máa ń ti àgbàlagbà láti sọ pé òun ń kọ́ nǹkan. Ẹni tó bá wa danfo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹni tí wọ́n bá fi sídìí ọkọ̀ ojú omi, á ní òun ti mọ omi láti kékeré. Bẹ́ ẹ bá bi í pé ṣé ó mọ̀ ọ́n, ìbínú ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀pá tín-ínrín kan bá yọ níbi tí kò yẹ̀ ẹ́ wò, àwa tá a jókòó sẹ́yìn la máa san gbèsè ẹ̀.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo yẹ gbogbo ọ̀pá wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi náà tún yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn mi, torí kò gba tèmi gbọ́ mọ́, mi ò sì bá a jà. Mo gbé e dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọmọ náà ní, "Dádì, ẹ rọra. Ẹ má tì í, ẹ kàn fọwọ́ kàn án ni." Mo gbé rìmóòtù fún un. Ó gbé e dúró jẹ́ẹ́ ní orí ìbàdí fún ìṣẹ́jú àáyá tó lé ní ogún, ojú ẹ̀ ò kúrò lára ìrù ẹ̀, àpá kékeré yẹn sì ń dán lábẹ́ ojú ẹ̀ nínú oòrùn àárọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

A gba ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja kọjá bá a ṣe ń pa dà bọ̀ nílé. Bí wọ́n ṣe rí ẹlikọ́pútà lọ́wọ́ wa, wọ́n fi ara bo àtẹ wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ má mikàn, ọmọ mi ló ń wà á báyìí." Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa bẹ́ẹ̀ o." Mo ra ẹja, èyí tí mo fọwọ́ ara mi yàn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ mi jẹ ẹ́.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.